Odù Tí Ẹ̀rọ Kò Rí

Kì í ṣe pé mo pàdánù ló bí mi nínú. Mo ti pàdánù ayò rí, n ó sì tún pàdánù kí n tó kú. Ohun tó bí mi nínú ni pé wọ́n ní mo pàdánù ayò tí a kò tíì ta tán.

Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí wọ́n ti rò ó káàkiri Ore pé tíṣà obìnrin kan wà tí kò gbà pé wọ́n na òun. Irọ́ gbuu ni. Ìṣirò ni mo kà ní yunifásítì, òun náà ni mo sì fi ń jẹun títí di òní. Bí nǹkan bá jẹ́ mẹ́ta, mẹ́ta ni n ó pè é, bó ti wù kí inú máa bí mi tó. Ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe rí.

Ilé kan wà lẹ́yìn gáréèjì, lápá ibi tí àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Benin ti máa ń yà jẹun, níbi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù. Bẹ́ǹṣì kún inú rẹ̀, tẹlifíṣàn ńlá kan sì wà lára ògiri. Ọkùnrin tó ni ín fẹ́ràn ayò ju bọ́ọ̀lù lọ, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ló ń bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Lọ́dọọdún ló máa ń pe ìdíje ayò síbẹ̀, àwọn awakọ̀, àwọn oníkòkó, àwọn ọlọ́jà àti àwa òṣìṣẹ́ ìjọba á sì wá bára wa fà á.

Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ̀ pé bí èèyàn bá bá àwọn tó ń ta ayò, tó ní "Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ̀," ọ̀ta, ẹni tó ń borí, nìkan ló ń jẹ́ ẹ. Ọ̀pẹ̀ kì í fọhùn. Níbòmíràn, ẹ̀fẹ̀ ni. Bí wọ́n bá ti tún ọmọ ayò tò, ó ti tán. Ní ilé ìwo-bọ́ọ̀lù wa, kì í tán. Ẹni tó bá pàdánù ìdíje àṣekágbá kò gbọdọ̀ la ẹnu nídìí ọpọ́n níbẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀. Ó lè ta ayò, ó lè wòran, àmọ́ kò gbọdọ̀ dá sí i. Bó bá rí ẹni tó fẹ́ gbé ilé tí kò yẹ kó gbé, kò gbọdọ̀ pòṣé. Bó bá fọhùn pẹ́nrẹ́n, wọ́n á da ọmọ ayò nù, wọ́n á sì pariwo lé e lórí títí yóò fi jáde.

Ẹ wá fi èmi sí àyè yẹn. Èmi tó jẹ́ pé ẹnu ni iṣẹ́ mi! Lọ́dún tó ṣáájú èyí tí mò ń sọ, mo wo ọkùnrin onímọ́tò kan tó ń sin ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ nídìí ọpọ́n. Gbogbo ara rẹ̀ ń làágùn bí ẹni tó ń gbé àpò kòkó. Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. Mo ní láéláé, irú rẹ̀ kò ní bá mi.

Èmi ni obìnrin àkọ́kọ́ tó dé àṣekágbá ní ilé yẹn. Mo sọ ọ́ nítorí pé òótọ́ ni, àti nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tó sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹni tí mo bá kò lójú ni bàbá àgbàlagbà kan tó wá láti apá Ọ̀yọ́ ní ìgbà èwe rẹ̀, tó ń dá oko kòkó olóko ní ọ̀nà Ajue. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ yá jù ú lọ.

"Tíṣà, ọmọ mélòó ló wà ní kíláàsì yín?" Ó ń jẹ ọmọ ayò mi bó ti ń bi mí. "Ẹ wá kà wọ́n o, mo ti ń jẹ wọ́n."

"Bàbá, ẹ rọra jẹ. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó há yín lọ́fun."

"Ọ̀fun tó gbé odidi iṣu mì, ṣé ẹ̀wà ni yóò há a?"

Ilé hó. Mo jẹ́ kí wọ́n máa hó. Lóòótọ́ ló ń jẹ, ohun tó wà lápò rẹ̀ sì ti pọ̀ ju tèmi lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n mo ń kọ́ odù. Ẹni tí kò bá mọ ayò lè má mọ ohun tí mo ń wí. Ilé kan ni èèyàn á máa jẹ́ kí ọmọ ayò kún sí, kò ní gbé e, á máa fi àwọn ilé kéékèèké tó kù tan ọjọ́ lọ. Ẹnìkejì á máa ta, á máa ta, títí ilé tirẹ̀ yóò fi gbẹ. Nígbà náà lo máa tú odù ká. Ọmọ ayò á yí ọpọ́n po, á dé ọ̀dọ̀ ẹnìkejì, á yí padà sọ́dọ̀ rẹ, á tún dé ọ̀dọ̀ ẹnìkejì lẹ́ẹ̀kejì. Ilé tó ti ṣófo á di oníméjì-méjì, gbogbo rẹ̀ á sì di jíjẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Orí ẹní tí a ń sá kòkó sí ni bàbá tó bí mi ti kọ́ mi. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi.

Ilé mi ìkángun ti di ẹlẹ́mẹ́rìndínlógún. Ilé bàbá ti ń gbẹ. Ibẹ̀ la dé nígbà tí onílé pàtẹ́wọ́.

"Ó tó! Ó tó! Àwọn oníbọ́ọ̀lù ti ń dé. Owó wọn ni mo fẹ́ fi san owó iná, ẹ jọ̀ọ́."

Èrò ti ń ti ara wọn lẹ́nu ọ̀nà nítòótọ́. Ìdí tí ayò wa fi pẹ́ ni pé onílé fúnra rẹ̀ lọ wá epo tí yóò rọ sí jẹnẹrétọ̀, a jókòó dè é. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn ṣe àṣìṣe àkọ́kọ́, kì í sì í ṣe tèmi.

Mo ní ká fi aṣọ bo ọpọ́n, ká wá parí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Onílé ní kò sóhun tó jọ ọ́. Ó ní ẹ̀rọ kan wà tí yóò dá a. Ó wá nawọ́ sí ọ̀dọ́kùnrin kan, ọmọ bíbí Odigbo, tó kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Èkó tó sì ti padà wálé. Ọmọ náà ti ṣe áàpù ayò kan sórí fóònù. Bí o bá to ọmọ ayò sínú rẹ̀ bó ṣe wà lórí ọpọ́n, ìlà gbọọrọ kan á yọ, apá kan funfun, apá kan dúdú. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dára jù ni àwọ̀ tirẹ̀ á gùn jù. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa kí a tó bẹ̀rẹ̀ pé ìlà ni yóò ṣe rẹfirí. Àṣìṣe kejì nìyẹn.

Wọ́n so fóònù mọ́ tẹlifíṣàn. Èmi ni funfun. Ìlà náà jáde. Gbogbo rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà Agbabu, funfun tó kù ní ìdí rẹ̀ kò ju èékánná lọ.

"Bàbá ló jẹ ẹ́!" ni onílé kígbe. "Kọ̀ǹpútà kì í parọ́!"

Mo la ẹnu. Onílé na ìka sókè sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Háà, àǹtí. Ọ̀pẹ̀ kì í fọhùn."

Bí wọ́n ṣe pa mí lẹ́nu mọ́ nìyẹn. Ohun tó sì dùn mí jù ni pé inú ilé ìwo-bọ́ọ̀lù ni. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì yẹn, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń rí i lójú tẹlifíṣàn kan náà pé ẹgbẹ́ kan ló ní bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ jù, ẹgbẹ́ kejì ló sì gbá a wọlé. Àwọn gan-an ló yẹ kó mọ̀ pé ẹni tó ń léwájú àti ẹni tí yóò borí, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn. Mo gbé e mì.

Òfin náà kò kọjá ìdí ọpọ́n. Níta, ẹnu mi ṣì jẹ́ tèmi. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo bá ọ̀dọ́kùnrin náà níbi tó ti ń ra bọ̀ọ̀lì lẹ́bàá títì. Bó ṣe rí mi, ó fẹ́ fi bọ̀ọ̀lì sílẹ̀ kó sá gun ọ̀kadà.

"Ẹ káàsán, mà. Ẹ má bínú, mà."

"Ta ló ní mò ń bínú? Mò ń bínú. Dúró. Báwo lo ṣe mọ̀ pé ìlà rẹ ń sọ òótọ́?"

"Mà, ẹ̀rọ yẹn mọ ayò gan-an. Ó máa ń na èmi tí mo ṣe é."

"Bó bá ń nà ẹ́, ó fi hàn pé ó mọ̀ ọ́n ta jù ẹ́ lọ. Ṣé mo bi ẹ́ bóyá ó mọ̀ ọ́n ta?"

"Rárá, mà."

"Kí ni mo bi ẹ́?"

Ó wo bọ̀ọ̀lì ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ìdáhùn wà nínú rẹ̀. "Ẹ bi mí bóyá ó mọ̀ ọ́n wò."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Bí a bá gbé ọpọ́n síwájú rẹ̀, tó ní ti lágbájá ló dára jù, báwo la ṣe máa mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí? Báwo lo ṣe dán an wò?"

"Mo jẹ́ kó máa bá ara rẹ̀ ta, mà. Mo wá wo bóyá ẹni tó ní yóò jẹ ló jẹ."

"Ní iléèwé tí o lọ ní Odigbo, ṣé akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń máàkì ìwé ara rẹ̀?"

Ìyá tó ń yan bọ̀ọ̀lì bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Kánsẹ́lọ̀ wa máàkì ìwé ara ẹ̀ o, òun ló fi wọlé ìbò." Ọ̀dọ́kùnrin náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé ọmọ gidi ni. Ó fi áàpù náà sórí fóònù mi, ó sì ní bí mo bá rí àléébù kan tí mo lè fi hàn án, òun fúnra òun yóò lọ sọ ọ́ nílé ìwo-bọ́ọ̀lù.

Tí mo lè fi hàn án. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kéèyàn bá tíṣà ìṣirò sọ nìyẹn. Inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn díẹ̀díẹ̀, láìjẹ́ pé ìbínú náà lọ.

Ohun tí mo ṣe nìyí, mo sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni tó bá rò pé mo kàn ń ráhùn fetí sí i dáadáa. Mo padà sí ilé ìwo-bọ́ọ̀lù, mo jókòó bí odi, mo ń wo àwọn tó ń ta. Bí ayò bá dé àárín, mo máa ń fi fóònù ya ọpọ́n, n ó sì kúrò níbẹ̀ kó tó tán. Nígbà tí mo bá délé, mo máa ń to ohun tí mo yà sínú áàpù, mo sì máa ń wo ohun tí ìlà yóò sọ kí n tó mọ bí yóò ṣe parí. Lẹ́yìn náà, mo máa ń gbé ọpọ́n tèmi lọ sí gáréèjì.

Ẹni tó bá mọ gáréèjì Ore mọ̀ pé kò síbi tí wákàtí pọ̀ bí ibẹ̀. Awakọ̀ tó bá ń dúró de kí ọkọ̀ rẹ̀ kún kò níṣẹ́ méjì. Mo máa ń to ọmọ ayò sílẹ̀ fún méjì nínú wọn bó ṣe wà nínú àwòrán, wọ́n á sì ta á dé òpin. Bó bá tán, mo máa ń tò ó padà bó ṣe wà, mo sì máa ń ní kí wọ́n pààrọ̀ àyè, ẹni tó jókòó síhìn-ín kó lọ sọ́hùn-ún. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ọlọ́wọ́ líle bá jókòó sí àyè burúkú tó sì jẹ, ọwọ́ rẹ̀ ló jẹ, kì í ṣe àyè náà. Àmọ́ bí ẹni méjèèjì bá ń jẹ láti àyè kan náà, àyè yẹn ló dára. Kò sí àrékérekè kankan nínú rẹ̀.

"Mọ́dáàmù," ni awakọ̀ kan bi mí, "ṣé ìdánwò lẹ fẹ́ fi ṣe fáwọn ọmọ yín ni?"

"Ìdánwò ni. Ẹ̀rọ kan ló ń ṣe é."

"Ṣé ó ń yege?"

Ó ń yege lápá kan. Bí mo bá fi ìbínú bo èyí mọ́lẹ̀, èmi náà kò sàn ju ìlà náà lọ. Níbi tí ọmọ ayò bá ti fọ́n káàkiri ọpọ́n, tí kò sí ilé tó kún, ìlà yẹn ń sọ òótọ́ dáadáa. Àyè tó bá nawọ́ sí ni àwọn awakọ̀ mi ti máa ń jẹ, bí a tilẹ̀ pààrọ̀. Àwọn ìgbà kan wà tó rí ohun tí èmi kò rí. Mo bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n bí odù bá ti wà lórí ọpọ́n, ojú rẹ̀ fọ́. Ẹni tó ní odù ni yóò máa ní kó lọ máa sunkún, ẹni náà ni yóò sì máa jẹ.

Mo mọ̀ pé ọ̀dọ́kùnrin náà yóò ní àwọn awakọ̀ tó ń ta á kò mọ̀ ọ́n ta tó. Nítorí náà, mo ṣe èkejì. Mo to àṣekágbá wa gan-an sínú áàpù. Mo mú ọmọ ayò méjì péré láti àpò bàbá sí àpò mi, ìlà náà fò sókè. Mo dá wọn padà. Mo wá tú odù mi ká, mo pín ọmọ ayò mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún sí àwọn ilé mi yòókù. Ìyẹn ni pé mo ba gbogbo ohun tí mo ti kọ́ jẹ́, mo sọ ara mi di òtòṣì lórí ọpọ́n. Ìlà náà kò mira. Kò yẹ̀ rárá.

Mo jókòó nínú yàrá àwọn tíṣà, mo ń rẹ́rìn-ín sí fóònù. Ọ̀gá wa ní ṣé ọkọ mi ló kọ̀wé sí mi ni. Mo ní rárá o, ẹni tó rẹ́ mi jẹ ni mo rí mú.

Ẹ̀rọ náà ń ka ohun tó wà lápò. Ohun tó wà nínú ilé lórí ọpọ́n, kò mọ iyì rẹ̀. Ó dà bí ẹni tó ń wo olóko tí kò tíì kórè tó wá pè é ní tálákà.

Mo ṣe é níwájú ọ̀dọ́kùnrin náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó tún un ṣe fúnra rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ bo ojú. "Mà, kì í wo iwájú jìnnà. Mo ní kó máa yára dáhùn ni, kó má baà sú àwọn èèyàn. Odù sì máa ń pẹ́ kó tó tú."

"Kó máa yára. Torí pé o fẹ́ kó yára ni wọ́n fi pa mí lẹ́nu mọ́ fún ọdún kan."

"Ẹ jẹ́ ká lọ, mà."

A lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí kò sí bọ́ọ̀lù. Onílé wà níbẹ̀, bàbá náà wà níbẹ̀, òun àti ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ ń ta. Mo jókòó, mo pa ẹnu mọ́ bí òfin ṣe wí. Ọ̀dọ́kùnrin ló ń sọ̀rọ̀.

"Àǹtí ní ìdájọ́ ọjọ́ yẹn kò tọ́, sà. Èmi náà gbà pé kò tọ́."

"Ṣé ìwọ ló wá di ẹnu rẹ̀?" ni onílé bi í.

"Ẹnu wọn ni mí, sà."

"Ẹnu náà kéré jù sí i." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo wo òkè àjà.

Ó ṣàlàyé bó ti mọ, ó ní ká to àṣekágbá náà sílẹ̀ bó ṣe wà, kí a pààrọ̀ àyè, kí bàbá gba àyè mi kí n sì gba ti bàbá. Onílé mi orí. "Ọgbọ́n àyínìke nìyẹn. Á mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí bàbá na òun, á wá ní ẹ wò ó, àyè òun ló dára."

Inú bí mi, ṣùgbọ́n n kò lè sẹ́ pé ìbéèrè tó yẹ ni. Mo fa fóònù ọ̀dọ́kùnrin náà sọ́dọ̀ mi, mo na ìka sí i, mo wá na ìka sí ara mi. Ó yé e kíákíá. "Àǹtí ní àwọn kò ní dá ohunkóhun rò. Ilé tí ẹ̀rọ bá ní kí wọ́n gbé ni wọ́n á gbé. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni yóò ta láti àyè tó ní ó ti jẹ."

Onílé ní ó dáa. Gbogbo wọn wá kọjú sí bàbá, nítorí òun ló ní ohun tí yóò pàdánù. Òun ni ọ̀ta ọdún náà. Bó bá jẹ láti àyè mi, ọgbọ́n ara rẹ̀ ló fi wó orúkọ ara rẹ̀.

Bàbá wo ọpọ́n tí wọ́n ti tò. Ó wo ilé ìkángun tó kún dẹ́múdẹ́mú. Mo rí ojú rẹ̀ níbẹ̀. Kò sí ọ̀tayò tó lè jókòó ti odù kó má fẹ́ tú u, bí olóko kò ṣe lè rí kòkó tó pọ́n kó rìn kọjá.

"Ẹ sún fún mi," ló wí. Ó jókòó sí àyè mi.

A bẹ̀rẹ̀. Ìlà náà wà lójú tẹlifíṣàn lókè wa. Èmi ni dúdú báyìí, ó sì gùn dé òkè. "Ilé kejì, mà," ni ọ̀dọ́kùnrin ń kà jáde, mo gbé ilé kejì. "Ilé kẹrin, mà." Mo gbé e. Mo di ọwọ́ ẹ̀rọ tó rẹ́ mi jẹ. Ìgbà méjì ni mo rí i pé ohun tó ní kí n gbé kò dára, ọwọ́ mi sì ń yún mi, mo gbé e bẹ́ẹ̀. Bàbá kò fọwọ́ kan odù. Ó ń gbé ọmọ kan, ó ń gbé ọmọ méjì, ó ń tan ọjọ́ lọ.

"Dúdú ṣì ni o," ni onílé wí, ó nawọ́ sókè. "Ẹ wo bó ṣe gùn."

"Ẹ jẹ́ kó gùn," ni bàbá dáhùn. Kò wo òkè rárá.

Ilé mi ń gbẹ. Ó wá di pé ọmọ tí mo ní lórí ọpọ́n kò tó nǹkan. Bàbá fa apá bùbá oko rẹ̀ sókè, ó kó odù náà sọ́wọ́, ó fi ọwọ́ kejì gbè é nítorí ó fẹ́ máa bọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jù ú sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò kánjú. Ó yí ọ̀dọ̀ mi ká, ó yí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ ká, ó fo ilé tó ti kó wọn, ó tún dé ọ̀dọ̀ mi. Èyí tó kẹ́yìn balẹ̀ sí ilé mi karùn-ún. Ó wá padà sẹ́yìn, ó ń jẹ, ó ń jẹ, ilé kan tẹ̀ lé èkejì, ó wá ku ọmọ kan ṣoṣo fún mi lórí ọpọ́n.

Mo gbójú sókè. Dúdú tó gùn láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí igi tí wọ́n gé ní ìdí. Ojú tẹlifíṣàn funfun gbòò.

Wọ́n nà mí nìyẹn o. Wọ́n nà mí ní gbangba, lójú awakọ̀ àti oníkòkó, n kò sì tíì ní irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti gba ìwé ẹ̀rí. Mo jókòó níwájú apá ọpọ́n tèmi tó ti ṣófo, mo ti eyín mọ́ ètè kí n má baà pariwo.

Ẹnì kan ní ẹ̀yìn kígbe pé, "Tíṣà tún ti kú o!" Wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Bàbá gbé ọwọ́ sókè, ó dá wọn dúró. Ó ń wo àwọn ọmọ ayò tó kún ọwọ́ rẹ̀. "Ta ló jókòó síbi tí mo wà yìí lọ́jọ́ yẹn?"

Wọ́n nawọ́ sí mi. Gbogbo wọn mọ̀ ọ́n.

"Mo rí odù yẹn," ló wí. "Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo rí i. Mo ń wá ibi tí n ó gbà, n kò rí. Ìlà yìí ló ní mo ti jẹ, mo wá ní ó dáa, bóyá ó mọ ohun tí èmi kò mọ̀." Ó da ọmọ ayò náà sílẹ̀. "Kò mọ nǹkan kan. Onílé, ẹ jẹ́ kí obìnrin yìí fọhùn."

Onílé yí fìlà lórí. Ó wo tẹlifíṣàn, ó wo ọ̀dọ́kùnrin, ọ̀dọ́kùnrin náà sì ní, "Òótọ́ ni, sà." Onílé wá sọ pé, "Àǹtí, ẹ fọhùn."

Mo ti kó ọ̀rọ̀ jọ láti ọjọ́ yìí. Mo ní àṣìṣe àkọ́kọ́, mo ní èkejì, mo ní ti epo jẹnẹrétọ̀, mo ní ti bọ́ọ̀lù. Gbogbo rẹ̀ wà ní ẹnu mi létòlétò. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe wo bàbá, mo rí i pé ó ti ká ètè mọ́ra, ó ti jókòó bí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ọdún kan. Ó ti fi ara rẹ̀ ṣe ọ̀pẹ̀ láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

"Bàbá," ni mo wí, "ẹ má pa ẹnu yín mọ́ o. Ayò tí a kò ta tán kò ní ọ̀pẹ̀. Kò sì ní ọ̀ta. Gbogbo ohun tí mò ń wí nìyẹn láti ọjọ́ yìí."

Ojú rẹ̀ là. "Ta ló ní mo fẹ́ dákẹ́? Ẹ dìde kúrò ní àyè mi, tíṣà, ká tò ó bó ṣe wà lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá gbójú lé odù yẹn, mo ti wá rí ọ̀nà tí n ó fi sá fún un."

"Ẹ sá, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ lẹ́sẹ̀ oko."

Ọ̀dọ́kùnrin náà fẹ́ tún ìlà yọ sójú tẹlifíṣàn. Èmi àti bàbá pariwo mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà pé kó pa á. Mo jókòó sí àyè mi, mo ń to ọmọ ayò, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro àṣìṣe àkọ́kọ́ fún onílé.